Ẹ fi òṣùwọ̀n sílẹ̀ ná: bí mo ṣe ń bá ẹni tó fẹ́ dín ara kù ṣiṣẹ́ báyìí

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ onímọ̀ oúnjẹ n'Íbàdàn lọ́dún 2006, ìwé kan wà tí mo máa ń fún gbogbo ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì mi. Ojú ewé kan péré ni. Wọ́n ti ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ títí tí lẹ́tà fi ń ṣú bàìbàì. Àárọ̀: búrẹ́dì wíìtì ẹyọ méjì, tíì tí kò ní ṣúgà, ẹyin sísè kan. Ọ̀sán: ìrẹsì ṣíbí mẹ́rin, ẹ̀fọ́, ẹja tó tó àtẹ́lẹwọ́. Alẹ́: ápù kan àti kùkúmbà. Nísàlẹ̀, mo máa ń fi bíírò pupa kọ ọ́ pé "1,200 kálórì", ìyẹn ìwọ̀n agbára tó wà nínú oúnjẹ ọjọ́ kan. Awakọ̀ Micra ni o, tíṣà ni o, ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà ni o, ìwé kan náà ni. Bí ẹni náà bá padà wá tí ìwọ̀n rẹ̀ kò lọ sílẹ̀, màá wò ó lójú, màá ní, "Mà, ẹ ò tẹ̀ lé e."

Mi ò lo ìwé yẹn mọ́. Ohun tí mò ń ṣe dípò rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, fún nọ́ọ̀sì tó wà ní kílíníìkì tí kò ní onímọ̀ oúnjẹ, àti fún ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ bá dédé sọ pé òun ti wà lórí dáyẹ́ẹ̀tì.

Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Gbági ló là mí lójú. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ìyá Aláṣọ. Kílò 96 ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, orúnkún ń ro ó. Mo fún un ní ìwé. Láàárín oṣù méjì kílò mẹ́sàn-án ti lọ, mo sì ń fi í yangàn fún àwọn nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wá mọ́. Ó lé lọ́dún kan kí n tó tún fojú kàn án, níbi òkú àgbà kan ní Mọ́níyà. Ó ti tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó ṣe rí mi tí mò ń bọ̀, kíá ló ti abọ́ ìrẹsì rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn. Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú sí mi." Mi ò kì í ṣe dókítà. Obìnrin yẹn fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, òun ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi nítorí ìrẹsì òde. Mi ò lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú èmi náà lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn òkú yẹn ni mo padà sídìí ohun kan tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́, tí mo kàn há sórí láti fi yege ìdánwò. Ní ìparí ọdún 1944, ní Yunifásítì Minnesota l'Amẹ́ríkà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Ancel Keys kó ọkùnrin 36 jọ, àwọn tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ jagun. Ó fẹ́ mọ ohun tí ebi ń ṣe lára, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa bọ́ àwọn tí ogun ti fi ebi pa ní Yúróòpù. Oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń jẹ oúnjẹ tó tó nǹkan bíi 1,570 kálórì lójúmọ́, wọ́n sì ń rin kìlómítà 35 lọ́sẹ̀. Wọ́n rù, ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó bá mi lẹ́rù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orí wọn. Oúnjẹ ni wọ́n ń rò tọ̀sán tòru. Wọ́n ń ka ìwé ìdáná bí ẹni ń ka ìwé ìtàn, wọ́n ń lá abọ́, wọ́n ń bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa jẹun padà, àwọn kan jẹ títí inú fi ń dùn wọ́n, síbẹ̀ ebi kò kúrò lójú wọn.

1,570 kálórì lèyí. Èmi wá kọ 1,200 fún ìyá tó ń gbé ìdì aṣọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo tún ń bi í pé èé ṣe tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu.

Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Ara kò mọ̀ pé ìgbéyàwó ọmọ la fẹ́ jò fún. Ìyàn ló rò pé ó mú. Nítorí náà, á dín iná tó ń dá kù, á mú ohun tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó lọ sílẹ̀, á sì gbé èyí tó ń pariwo ebi sókè. Ẹni tó bá wá ń jí jẹun láàjìn kò ya ọ̀lẹ, ara rẹ̀ ló ń gbìyànjú láti má jẹ̀ẹ́ kó kú.

Kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ wo yàrá yín. Àga onápá ló wà lọ́fíìsì mi tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá tóbi ní láti fún ara rẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí ẹni wọ bọ́ọ̀sì tó ti kún. Bẹ́ńṣì ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá láti fi wọn ìfúnpá pẹ̀lú. Bó bá kéré fún apá ẹni náà, nọ́ńbà tó máa gbé jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó sì fi òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lé ẹni tí kò ní in lọ́wọ́. Èyí tó fẹ̀ wà, ẹ béèrè fún un.

Òṣùwọ̀n ńkọ́? Tèmi ti wà lẹ́nu ọ̀nà rí, lójú gbogbo ẹni tó ń dúró de dókítà, tí nọ́ọ̀sì á sì máa ké nọ́ńbà náà bí ẹni ń ta ọjà gbàǹjo. Inú yàrá ló wà báyìí, lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo máa ń béèrè pé, "Mà, ṣé ẹ fẹ́ ká wọ̀n yín lónìí?" Bó bá ní rárá, ọ̀rọ̀ ti tán. Àwọn kan wà tó gbọ́dọ̀ gùn ún, bí ẹni tí omi ń gbá jọ sí lára nítorí àìsàn ọkàn, tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ìwọ̀n rẹ̀ ṣírò òògùn. Mo ń ṣàlàyé ìdí fún wọn, mo sì ń jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ kọjú sógiri, kó má wo nọ́ńbà.

Ìbéèrè ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo ń fi àkókò sí jù. Tẹ́lẹ̀, "Kí lẹ jẹ lánàá?" ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè ọlọ́pàá nìyẹn. Ẹni tó jẹ iyán á ní ẹ̀kọ lòun jẹ, ẹ ó sì jókòó máa fi irọ́ ṣe ìṣirò. Báyìí, mo kọ́kọ́ ń béèrè ẹni tó rán an wá, nítorí ọ̀tọ̀ ni ẹni tí dókítà rán, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń pè ní ọ̀róbó lójú àlejò. Mo ń béèrè ẹni tó ń dáná nílé, iye ẹni tó ń jẹ nínú ìkòkò náà, àti aago tó kọ́kọ́ jókòó jẹun lánàá. Aago ni mo béèrè, mi ò tíì béèrè oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbìyànjú láti dín ara kù rí? Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀?" Ọ̀pọ̀ kò tíì rí ẹni bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn kan á ka mẹ́fà, méje, wọ́n á wá dákẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni: "Ká ní ìwọ̀n náà ti lọ sílẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi ara náà ṣe?" Àlàájà kan dá mi lóhùn pé, "Ọmọ mi, mo fẹ́ forí kanlẹ̀ lórí ẹní ìkírun mi. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń kírun lórí àga." Kò dárúkọ kílò kankan. Orúnkún la wá dojú kọ: àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú eegun ń rí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó ń rìn yí ọgbà ilé rẹ̀ ká lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ó sì ń jẹun lásìkò. Nígbà tó di oṣù karùn-ún tá a bẹ̀rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù pé òun ti forí kanlẹ̀. Kílò mẹ́ta péré ló ti lọ nígbà náà. Èmi ti ọdún 2006 ì bá kọ "kò tẹ̀ lé e" sínú káàdì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Àwa Yorùbá kì í rí ara kí ẹnu wa má sọ̀rọ̀. "Háà, o ti rù o, ṣé kò sí?" "Ah-ah, owó ti ń wọlé, wo ẹ̀rẹ̀kẹ́!" Ìkíni la pè é. Mo ṣì rántí ìgbà tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá jò díẹ̀ báyìí, àwọn ará àdúgbò á ti máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé àrùn kògbóògùn ló mú un. Nítorí náà, ẹni tó jókòó níwájú yín ń gbọ́ ohùn méjì: wọ́n ní kó má rù kí wọ́n má baà bú u, wọ́n tún ní kó ṣe lẹ́pa bí àwọn tó ń jó nínú fóònù. Ẹ má ṣe jẹ́ ohùn kẹta. Bó bá padà wá tó ti jò, ẹ má kọ́kọ́ kí i kú oríire. Mo ti kí ọkùnrin kan bẹ́ẹ̀ rí, mo tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà tí àyẹ̀wò dé láti láàbù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lé ní 400 mg/dL, ó ti ga kọjá ààlà. Àtọ̀gbẹ ló ń jẹ ẹ́ lára. "Báwo ni ara?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mi sí gbogbo ènìyàn látìgbà náà. Bí ẹnìkan bá sì ń jò láìgbìyànjú rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ rán an lọ kíá.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá kàn. Ebi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ojútùú sí. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, mo sì ti fi ọdún púpọ̀ gbìyànjú láti kó ìmọ̀ràn sínú ikùn tó ṣófo. Ìyá ọlọ́jà kan sọ fún mi pé wọ̀bìà lòun. A jọ ka aago rẹ̀: aago márùn-ún àárọ̀ ló ń jí, kò ní jẹ nǹkan kan títí di aago kan, mínírà àti pọ́fùpọ́fù ló máa fi gbéra nígbà náà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa wá jókòó ti àmàlà tó tó ti ẹni mẹ́ta. Ta ni kò ní jẹ ti ẹni mẹ́ta? Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Mo fi kún un ni: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín méjì kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, ẹyin sísè àti ẹ̀pà tí àwọn ọmọ ń gbé kiri ọjà lọ́sàn-án. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ní àmàlà alẹ́ ti ń ṣẹ́kù.

Ẹ má gba òkèlè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ tún abọ́ tò ni. Ìkúùkù ẹni náà gan-an ni mo fi ń wọn àmàlà, ẹ̀bà tàbí iyán: ẹyọ kan sí kan àbọ̀, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe le tó. Ẹ̀fọ́ gbọ́dọ̀ pọ̀ ju òkèlè lọ nínú abọ́, kó sì máa fi ẹ̀fọ́ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹja tàbí ẹran rẹ̀. Gbẹ̀gìrì tí àwa ará Ìbàdàn ń fi ewédú lù, ẹ̀wà ni, ó ń múni yó pẹ́. Ẹ jẹ́ kó pọ̀ dáadáa. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn pé ẹ̀wà àti àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló kù fún wọn láyé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n dára, àmọ́ oúnjẹ agbára náà ló kún inú rẹ̀, ẹni tó bá kó o jọ bí òkìtì, ṣúgà rẹ̀ á gòkè. Iye tí a bù ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Òróró: ṣíbí ìjẹun kan jẹ́ nǹkan bíi 120 kálórì. Ẹni tó ń dà á tààrà láti inú kẹ́ẹ̀gì kò mọ iye tó ń dà. Mi ò ní kí ọbẹ̀ rẹ̀ dà bí omi òjò. Mo kàn ń ní kó fi ṣíbí wọ̀n ọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ṣe é kì í sábà nílò kí n tún sọ̀rọ̀ mọ́. Mínírà rọrùn láti ṣàlàyé: ìgò 50cl tó dùn dáadáa lè ní nǹkan bíi ṣíbí tíì 12 ṣúgà, kò sì ní kí ebi má pa èèyàn. Bó bá jẹ́ pé méjì ló ń mu lójúmọ́, kó kọ́kọ́ mú un dé orí ọ̀kan.

Ẹ má sì jẹ́ kó dá ìkòkò tirẹ̀ gbé kaná. Obìnrin tó bá ń se ọbẹ̀ ọkọ, se ti ọmọ, tó tún ń se ti dáyẹ́ẹ̀tì, kò ní ṣe é ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kó tó sú u. Ápù tó wà nínú ìwé mi àtijọ́ ń tì mí lójú títí dòní, nígbà tí ìbẹ́pẹ, ọsàn àti gúáfà wà lẹ́nu ọ̀nà, tí àgbálùmọ̀ sì ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ ò ní ṣàì bá tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń dín ara kù pàdé, àti àgúnmu tó ń "fọ ikùn". Ẹ má bú ẹni tó ń mu ún, ẹ sọ pé kó gbé páálí rẹ̀ wá, kẹ́ ẹ jọ kà á. Bẹ́ ẹ bá rí senna níbẹ̀, òògùn tó ń mú kéèyàn yàgbẹ́ ni. Omi àti iyọ̀ ara ló ń gbé jáde. Òṣùwọ̀n á lọ sílẹ̀ lọ́la, á padà lọ́túnla, ọ̀rá ò sì mira níbi tó wà. Fún ẹni tó ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kéèyàn tọ̀, ewu ni, torí pé iyọ̀ ara tó ń mú ọkàn ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní potassium, lè lọ sílẹ̀ jù. Abẹ́rẹ́ semaglutide, tí wọ́n fi ń tọ́jú àtọ̀gbẹ àti ìwọ̀n ara tó pọ̀ jù, yàtọ̀ sí wọn. Òògùn gidi ni, dókítà ló ń kọ ọ́, òun náà ló sì ń ṣọ́ ẹni tó ń gbà á. Ẹni tó ń tà á lórí WhatsApp kò lè ṣọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ àwẹ̀ náà ń fẹ́ àkíyèsí. Àwọn kan ń fi àwẹ̀ Ọlọ́run ṣe dáyẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wà láàárín wọn àti Ọlọ́run kò kàn mí, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń lo glibenclamide fún ṣúgà, tó wá ń gbààwẹ̀ láìsọ fún dókítà, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tó máa dákú. Kó lọ bá dókítà kí àwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ti ìyàwó tó kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìgbéyàwó rẹ̀ kò gùn: ẹ ní kó padà sọ́dọ̀ télọ̀, kó bá a tún aṣọ náà ṣe kó bá ara rẹ̀ mu.

Àwọn akẹgbẹ́ mi kan ti gba ọ̀nà yìí kọjá ààlà, wọ́n ní ìwọ̀n kò já mọ́ nǹkan kan. Mi ò bá wọn lọ débẹ̀. Ní 2002, ìwádìí ńlá kan l'Amẹ́ríkà tó lé ní 3,000 ènìyàn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè fi hàn pé àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti dín ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn kù, tí wọ́n sì ń fi ìṣẹ́jú 150 rìn lọ́sẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ dín kù láàárín wọn ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: fún ẹni tó jẹ́ kílò 90, kílò mẹ́fà àti díẹ̀ ni. Ó ṣì máa jẹ́ ọ̀róbó lójú ọkọ rẹ̀, kò sì ní wọ aṣọ tó fi ṣe ìgbéyàwó. Mo ń sọ èyí fún ẹni tó bá béèrè, ní nọ́ńbà, láìfi dẹ́rù bà á. Ohun tí mo ń kọ sínú káàdì ní gbogbo ìgbà ni ìfúnpá, ṣúgà, bó ṣe sùn sí, bó ṣe gun àtẹ̀gùn sí, àti iye ọjọ́ tó jẹun àárọ̀ nínú ọ̀sẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń ki ọwọ́ bọ ọ̀fun lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró nítorí àìjẹun, tàbí ẹni tó ń dákú, ẹ dá ọ̀rọ̀ kálórì dúró pátápátá. Dókítà àti àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ ló ni iṣẹ́ yẹn, tiyín ni pé kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e débẹ̀ kó má baà dá lọ.

Ó ku ọjọ́ àtúnpadà. Mo máa ń kọ déètì sórí bébà pélébé, mo sì ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé, "Ẹ wá o, bẹ́ ò bá tiẹ̀ ṣe nǹkan kan nínú ohun tá a sọ." Gbólóhùn yẹn ló ń mú wọn padà wá. Àwọn tó sá fún mi láyé ìwé 1,200, ojú ló tì wọ́n.

Mo wá nọ́ńbà Ìyá Aláṣọ rí nínú káàdì àtijọ́, mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá mo fẹ́ ra ańkárá. Kò padà wá sí kílíníìkì. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan wọlé, ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó ń ta aṣọ ní Gbági ló júwe mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣì ń fún èèyàn ní ìwé yẹn?"

Mo ní mo ti ya á. Ó wá wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì.